Àna Ilé Mẹ́ta

Ẹ bá mi kí Arẹwà Àdúgbò, ọkùnrin kan ṣoṣo tí kò níyàwó láàárín wa, tó sì gbà pé gbogbo obìnrin ayé ló ń du òun. Kó tó lọ síbi iṣẹ́, á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò nínú gíláàsì mọ́tò onímọ́tò. Àwa tí à ń pariwo lé ọmọ lórí láràárọ̀, ó máa ń káàánú wa.

Ẹnu dídùn ló ń bọ́ ọ. Ó ti sọ fún ìyàwó télọ̀ pé àbúrò rẹ̀ lòun máa fẹ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó kápẹ́ńtà. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Ìbejì. "Ẹ má tíì sọ fẹ́nì kan o, ayé le." Ni oúnjẹ ò bá wọ́n nílé rẹ̀ mọ́.

Àfi ìgbà tí tíṣà obìnrin kan kó dé sílé tó kọjú sí tirẹ̀. Ìfẹ́ gidi mú ọkùnrin yìí, oorun dá lójú rẹ̀. Ó pe tíṣà wá jẹun lọ́sàn-án Sátidé, ó ní òun fúnra òun lòun máa sè é. Ó wá ní káwọn ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi oúnjẹ rán ọmọ wọn gba ẹ̀yìnkùlé.

Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. Ta ló ń fi oúnjẹ àna rán ọmọdé? Kálukú wẹ̀, wọ́n kun àtíkè, wọ́n pẹ́ nídìí jígí, wọ́n sì gba iwájú ilé wọlé.

Tíṣà ti jókòó. Arẹwà ń ṣàlàyé: "Oúnjẹ sísè ò le. Àwọn obìnrin ló kàn ń ṣe é bí iṣẹ́ ńlá."

Ìyàwó télọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Àna mi, ẹ má bínú pé ó pẹ́."

"Àna ta?" Ìyá Ìbejì ló dé ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn.

"Àna mi ni. Àbúrò mi ló ń fẹ́."

"Àbúrò tìẹ? Tèmi ńkọ́?"

Ìyàwó kápẹ́ńtà gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ gbì. "Ẹ gbà mí o! Tèmi ti kọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ sílẹ̀ nítorí ẹ̀!"

Tíṣà yíjú sí Arẹwà, olóúnjẹ wa. "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ wá sè níbẹ̀?"

Àwọn ìyàwó gbé oúnjẹ wọn, wọ́n ní kí tíṣà máa bá àwọn bọ̀. Arẹwà sáré tẹ̀ lé wọn dé àárín títì. Gbogbo fèrèsé ti ṣí. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn.

Ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Tíṣà, ẹ dákun! Ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́!"

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní àbúrò obìnrin."