Bí Scanner Mi Ṣe Mú Ẹ̀gbọ́n Gbóyèga Gba Pineridge

Ọjọ́ kan wà tí mo ti bẹ ọkàn mi títí pé kó gbàgbé, àmọ́ ó kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo fọwọ́ ara mi gbé Ẹ̀gbọ́n Gbóyèga lọ síbi interview kan tí wọn ò gbọ́dọ̀ pẹ́ dé, tí mo sì sọ wọ́n di ẹni tó ń ti mọ́tò nínú snow.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ tó kó bá mi. Rédíò kékeré kan ni, scanner ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń gbọ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń bá ara wọn sọ lórí rédíò tiwọn: àwọn tó ń kó snow, àwọn tó ń wọ́ mọ́tò tó bá bàjẹ́, àwọn tó ń dí ọ̀nà. Láti Mahogany, àdúgbò kan ní ìlú Calgary ní Canada níbí, ni mo ti ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mi ò sì fẹ́ kí go-slow kankan bá mi lójijì. GPS wà nínú ẹ̀rọ náà. Ìwọ lo máa fa òbìrìkítí yí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ká. Bí mọ́tò rẹ bá ti wọ inú òbìrìkítí yẹn, á ṣí ohùn àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fún ọ. Bí o bá sì jáde, á pa wọ́n mọ́. Ìwé tó bá a wá ní kí n má jẹ́ kó ju kìlómítà márùn-ún lọ. Mo wò ó, mo ní kí ni màá fi kìlómítà márùn-ún ṣe? Mo fi ogójì sí i. Ojú kòkòrò ni, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀gbọ́n Gbóyèga ń gbé ní Cranston, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ẹnjiníà ni wọ́n, àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní ọ̀gá ní Port Harcourt kí wọ́n tó kó wá síbí. Níbí, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń kọ̀wé wáṣẹ́, tí gbogbo ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ń dá wọn lóhùn pé àwọn á pè wọ́n. Ilé iṣẹ́ kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú wá pè wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ìyàwó wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló máa gbé mọ́tò ilé lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á wọ bọ́ọ̀sì, àwọn á sì wọ train.

"Lójú mi báyìí, Ẹ̀gbọ́n? God forbid," ni mo wí. "Èmi ni màá gbé yín. Kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ lójú títì tí scanner mi ò ní gbọ́."

Ẹ ò rí ẹnu mi.

Aago méje ààbọ̀ ni mo ti gbé wọn, aago mẹ́sàn-án ni interview. Wọ́n wọ kóòtù dúdú, bàtà wọn ń dán gbinrin. Bí a ṣe bọ́ sórí Deerfoot, títì ńlá tó la ìlú já, Ẹ̀gbọ́n ní ká gbàdúrà. Wọ́n dijú. Èmi la tèmi sílẹ̀ torí pé èmi ni mò ń wakọ̀.

"Baba," wọ́n ní, "ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò lè tì, ẹ ṣí i fún mi lónìí."

"Negative," ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti iwájú mọ́tò. "It's closed. It's staying closed."

Ó ṣe mí bíi kí n nawọ́ pa ẹ̀rọ náà, àmọ́ níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í ta pútú nígbà tí àgbà bá ń gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n gbé ohùn sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Mo ní ẹ ṣí i, Olúwa! Ẹ má jẹ́ kí n padà sílé lọ́wọ́ òfo!"

"Turn them back," ni ohùn náà wí. "Every single one of them."

"I reject it!" Ẹ̀gbọ́n lajú kalẹ̀. "Àbúrò, ta nìyẹn?"

Mo ṣàlàyé pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dí ọ̀nà ni, àti pé ẹ̀rọ mi kì í sọ ti ibi tó jìnnà, nítorí náà iwájú wa níbẹ̀ ni ọ̀nà ti dí. Ẹ̀gbọ́n wo fóònù wọn.

"Map ní ká máa lọ straight o. Green ni gbogbo ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín bí ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, map ò mọ nǹkan kan. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Mo yà kúrò lórí Deerfoot, mo gba Stoney Trail. Kò pẹ́ tí scanner tún fi ké pé ọkọ̀ àjàgbé méjì ti dábùú Stoney, kò sẹ́ni tó lè kọjá. Gbogbo ará Calgary ló mọ̀ pé Stoney yí ìlú ká ni, pé ọkọ̀ àjàgbé méjèèjì lè wà ní òdìkejì pátápátá. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Gbogbo mọ́tò tó wà níwájú wa ló ń sáré lọ wọ̀ọ́wọ̀ọ́, kò sí èyí tó ń padà bọ̀. Àánú wọn tilẹ̀ ń ṣe mí, pé wọn ò ní scanner.

"Àbúrò, map ṣì ní ká máa lọ," Ẹ̀gbọ́n tún sọ, jẹ́jẹ́.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo sì yà wọ Pineridge, pé a ó gba àárín ilé lọ. Wọn ò tíì kó snow inú àdúgbò yẹn. A gba òpópónà kan, ó yí wa padà síbi tí a ti wá. A gba ìkejì, a bá ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí níwájú, ó ń dúró lẹ́nu ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí àwọn àna rẹ̀. Mo ní kí n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ni táyà mi bá rì sínú snow, ó wá ń yí lójú kan. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méjìlá.

Bí mo ṣe ń tẹ iná mọ́tò, scanner tún sọ̀rọ̀. Awakọ̀ kan tó ń kó snow ló ń ṣàròyé fún ọ̀gá rẹ̀: "I've got a blue van stuck in front of me. Guy's just digging himself deeper."

Inú mi dùn díẹ̀, pé wàhálà ò mọ sọ́dọ̀ èmi nìkan. "Ẹ gbọ́ ti òmùgọ̀ yẹn," mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n. "Irú wọn ló ń dínà fún gbogbo ayé."

Ẹ̀gbọ́n wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n tún un wò.

"Àbúrò," wọ́n ní, "kí ni colour mọ́tò ẹ?"

Mo wẹ̀yìn. Katakata ńlá tó ń kó snow ló dúró gbagidi síbẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

"He's looking at me now," ni scanner wí.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà sọ láàárọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ló jẹ́ ti ibi tí a wà gan-an. Ìgbà yẹn ni kìlómítà ogójì wá sọ́kàn mi. Òbìrìkítí tí mo fà ti gba gbogbo ìlú pátá, mo sì ti ń gbé Ẹ̀gbọ́n sá kiri fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lápá ibòmíì. Deerfoot tí mo sá fún ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ̀gbọ́n ò bú mi. Wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n ká a sórí àga, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú snow pẹ̀lú bàtà dídán yẹn. Awakọ̀ katakata náà gbé ṣọ́bìrì wá, ó sì gbẹ́ ẹsẹ̀ táyà. Àwọn méjèèjì wá ń ti mọ́tò, èmi tí mo dá ọ̀ràn sílẹ̀ jókòó sínú ooru. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo pa scanner. Map Ẹ̀gbọ́n ló mú wa dé ilé iṣẹ́ náà ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ṣòkòtò wọn tutù dé orúnkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ó ti tó," wọ́n ní, wọ́n sì rọra pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé. Ìrọra yẹn ló dùn mí jù. Ká ní wọ́n gbá a gbàà ni, ara ì bá tù mí.

Mo jókòó síbi tí mo gbé mọ́tò sí, mò ń ro ohun tí màá sọ fún ìyàwó wọn tó ti ń dá gbé ilé ró láti oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó yá, mo rí èèyàn mẹ́ta lójú fèrèsé òkè, wọ́n ń wò mí. Mo rò pé ibi tí mo gbé mọ́tò sí ni kò tọ́. Mo juwọ́ sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n juwọ́ padà, ọ̀kan nínú wọn sì di ikùn rẹ̀ mú.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jáde, ojú wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó, wọ́n so bẹ́líìtì.

"Wọ́n ní kí n sọ ìgbà kan tí mo bá difficult person ṣe nǹkan pọ̀, tí mi ò bínú," wọ́n ní. "Mo ti múra ìtàn ọ̀gá mi kan ní Port Harcourt sílẹ̀. Mo wá ní kí ló dé tí mo fẹ́ lọ jìnnà. Mo ní, 'Please come to the window. He is in the blue van.'"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba Ẹ̀gbọ́n síṣẹ́. Ìyàwó wọn pè mí láti dúpẹ́, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Mo ti dá òbìrìkítí náà padà sí kìlómítà márùn-ún. Ẹni tó bá ń fetí sí ti gbogbo ìlú, kò ní gbọ́ ti ẹni tó jókòó tì í. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹ̀gbọ́n sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Nísinsìnyí, bí mo bá lọ gbé wọn níbi iṣẹ́, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà á yọ orí síta, á bi mí pé, "Is Deerfoot open today, sir?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?