Ọ̀gá Hezekiah Gbàgbé Apá Ọ̀tún

Oṣù karùn-ún ọdún 1972 ni, oṣù kan lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ohun tó ń yí lójú títì kúrò ní apá òsì, kó máa gba ọ̀tún. Ọ̀gá Hezekiah, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kàbà, ń tiro bọ̀ ní kíláàsì kẹta pẹ̀lú atòrì lọ́wọ́. Inú ń bí i, orúnkún ń dùn ún, kò sì mọ èyí tó le jù. Mísì Lucy, tíṣà kíláàsì náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdálẹ́kọ̀ọ́ dé láti Ìlọrin, sáré kúnlẹ̀ dí i lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i bí ará Kàbà ṣe ń kíni.

"Okun o, sà."

"Okun. Dìde, jẹ́ n kọjá. Mo gbọ́ pé ọmọ mẹ́rìnlá ló ti gbàgbé ìsọdipúpọ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ tí a kọ́ wọn lánàá. Ẹgba mẹ́fà-mẹ́fà!"

"Ẹ dákun, sà. Ọpọlọ wọn ò tíì gbà á ni."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo ṣe mú atòrì wá bá a nìyẹn."

"Sà, orí ló gbàgbé, ìdí lẹ fẹ́ nà."

Ọ̀gá dúró ronú. Látọjọ́ tó ti ń na ọmọ, kò sẹ́ni tó bi í léèrè yìí rí.

"Egungun ẹ̀yìn ló so wọ́n pọ̀. Bí mo bá na ìsàlẹ̀, òkè á gbọ́."

"Ẹ̀rù ni òkè máa gbọ́, sà. Wọ́n kọ́ wa ní Ìlọrin pé bí ẹ̀rù bá ti gba ọpọlọ, ẹ̀kọ́ ò ní ríbi jókòó. Ẹ̀kọ́ tuntun dà bí ọ̀nà oko. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan, koríko á bò ó. Ẹ gbà á lónìí, ẹ sùn, ẹ tún gbà á lọ́la, ó di ọ̀nà."

"Sùn kẹ̀? Ní ilé-ìwé mi?"

"Nílé ni, sà. Bí ọmọ bá ń sùn, ọpọlọ rẹ̀ á máa to ohun tó kọ́."

"Bó bá jẹ́ oorun ló ń múni gbọ́n, Josiah tó ń ṣọ́ ilé-ìwé yìí lóru ìbá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n!"

Lucy gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tún gbé atòrì sókè.

"Gbọ́ mi, Mísì. Ohun tí wọ́n bá sọ fún èmi lẹ́ẹ̀kan, mi ò kì í gbàgbé."

"Ó dáa, sà. Kí ló ṣe yín lórúnkún?"

Ọ̀gá wo àjà. "Ewúrẹ́ ni. Ó já lu alùpùpù mi láàárọ̀ yìí ní títì Ayétòrò."

"Agatha ní mọ́tò agbégẹdú ni."

"Agatha wo?"

"Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá. Ó ní apá òsì lẹ gbà, sà, ẹ dojú kọ agbégẹdú, kẹ́ ẹ tó yà sí kòtò."

Ara Ọ̀gá gbóná. Tíṣà mẹ́rin ló ti sọ ìtàn ewúrẹ́ yẹn fún, òun pàápàá sì ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ọdún méjìdínlógún ni mo fi gba òsì! Ṣé ọjọ́ kan ni mo máa fi gbàgbé rẹ̀ ni?"

"Rárá o, sà. Àbí wọn ò sọ ọ́ lórí rédíò ni?"

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pariwo ẹ̀!"

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la kọ́ àwọn ọmọ ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, sà."

Atòrì Ọ̀gá rọra wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

"Agatha yẹn, ta ló kọ́ ọ ní ọ̀tún?"

"Èmi ni, sà. Láràárọ̀ la máa ń fi rírìn lápá ọ̀tún ṣeré lórí pápá. Ẹni tó bá ṣì í, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tún un rìn. Òun ló kígbe pé, 'Ọ̀tún, sà!' tẹ́ ẹ fi yà."

Ojú ti Ọ̀gá gidigidi. Ọmọ tó gba ẹ̀mí òun là lòun ń bọ̀ wá nà. Ó fa atòrì náà lé Lucy lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ máa rìn ín lọ́la?"

Lucy gbọ́ "ẹ" yẹn, ẹnu yà á. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ń bọ̀. Ẹ tò mí sẹ́yìn Agatha. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì í, Mísì, ẹ dákun, ẹ má fẹjọ́ mi sun ọ̀gá àgbà o. Ìkà ni baba yẹn."