Oòrùn Tí Mo Ṣèlérí fún Ìyá Ìyàwó Mi

Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó mi fọ kóòtù mi ò lè kúrò lọ́kàn mi láyé. Ní Calgary ni, lásìkò tí owó epo já wálẹ̀, tí iléeṣẹ́ epo tí mo ń bá ṣe forecast, ìyẹn ìṣírò ibi tí owó epo ń lọ, ní kí n máa lọ sílé. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Ìbùkún, Màámi sì ti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ.

Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí kí ọkùnrin jókòó sílé lójú ìyá ìyàwó ẹ̀. Ni mo bá fi ara mi joyè: èmi ni mo ń kéde ojú ọjọ́. Láràárọ̀, bí Màámi bá ti ń fi òróró pa ọmọ lára, màá gbé fóònù, màá wúkọ́ díẹ̀. "Màámi, oòrùn ni lónìí. Plus eighteen." Wọn á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá Ìbùkún. Ìwé mà dáa o." Inú mi á dùn bí ẹni tó gbowó oṣù. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ Sunday ni mo ti ka ti gbogbo ọ̀sẹ̀ tán, tí mo wá ń fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ mi má baà tètè tán.

Ní Thursday, mo tún kéde oòrùn láàárọ̀, mo sì ní interview lọ́sàn-án, àkọ́kọ́ láti oṣù pípẹ́. Ìyàwó mi ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Èmi wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ tẹ CV mi jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Marlborough. Màámi wá rí kóòtù àti ṣòkòtò tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbẹ̀ lórí àga. Wọn ò gba dryer, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, gbọ́ rí. Inú oòrùn ni aṣọ ti ń gbẹ. Wọ́n fọ méjèèjì mọ́ tónítóní, wọ́n sá wọn sórí deck, pèpéle onípákó ẹ̀yìn ilé wa.

Kí n tó padà dé Pineridge tí à ń gbé, atẹ́gùn ti yí, snow ti bẹ̀rẹ̀. Mo sáré wọlé, eyín mi ń gbá ara wọn. Màámi wà lórí deck, wọ́n gbá ṣòkòtò mi mọ́ra.

"Bàbá Ìbùkún, ṣòkòtò yín ń dá dúró o!"

Lóòótọ́, omi inú rẹ̀ ti di yìnyín, ó dúró gbọin, bí ẹni ń retí train. A kó wọn sínú dryer. Ṣòkòtò yè é. Kóòtù jáde, ó ti súnkì, apá rẹ̀ ò kọjá ìgúnpá mi. Mo pe ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. "Babe, abeg, wear anything and go!"

Màámi bọ́ kádígàn tó wà lọ́rùn wọn, aláwọ̀ àlùkò, bọ́tìnnì rẹ̀ tó bísíkíìtì. Wọ́n dè é fún mi dé ọrùn. "Ó gbà yín. Ẹ máa lọ."

Ọ̀gá tó ń bi mí léèrè wo kádígàn náà, ó gbójú kúrò. Ó ní, "When was your last forecast wrong?"

Mo ní, "This morning, sir."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fọkàn sí i.

Nígbà tí mo délé, Màámi ò tíì jẹun. Wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù fa apá kóòtù náà, omijé lójú wọn. "Èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́." Àánú wọn ṣe mí gan-an. Mo ní èmi ni mo ṣèlérí oòrùn, wọn ò gbọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi bi mí ní ojú ọjọ́ mọ́.

Ìgbà tó yá, iléeṣẹ́ tí mo lọ fún interview náà pè. Wọ́n ní àwọn ò ní gba ẹnikẹ́ni mọ́. Owó epo tún ti já. Mo fò gun àtẹ̀gùn látinú basement.

"Màámi, kì í ṣe kóòtù o! Kò sẹ́ni tó rí iṣẹ́ yẹn gbà!"

"Ẹnì kankan?"

"Ẹnì kankan!"

Wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́, wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èmi náà jó. Ìyàwó mi gbé ọmọ dúró, ó ń wò wá. "So, we are celebrating no job?"

Iṣẹ́ mìíràn padà dé. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n yọjú lójú fèrèsé kí n tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti ń lọ báyìí, Màámi á pè láti Ìbàdàn: "Bàbá Ìbùkún, ojú ọjọ́ ńkọ́?" Màá de bọ́tìnnì kádígàn wọn dé ọrùn, màá ní, "Màámi, oòrùn ni." Wọn á ní, "Ẹ ṣáà gbé kóòtù yín pa mọ́." Ẹ̀rín á sì pa èmi àtàwọn.