Igbá Ọnàdípẹ̀ Lórí Ayélujára

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé, bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ ó ní òwe àtayébáyé ni. Irọ́ ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n pa á, ní Ọ̀yọ́. Àwọn àgbà tó pa á ṣì wà láyé, wọ́n ń lo fóònù.

Ọnàdípẹ̀ ló fà á. Igbá fínfín ni iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá fín alángbá sẹ́yìn igbá, adìẹ á fẹ́ ṣá a jẹ. Àmọ́ abọ́ oníke ti gba ayé, igbá ò tà mọ́, gbogbo èyí tó bá sì fín, inú yàrá tí òun àti Mọrádéyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń sùn ló ń kó o sí. Lọ́jọ́ tí igbá gun orí bẹ́ẹ̀dì, Mọrádéyọ̀ káwọ́ lérí.

“Bàbá Ṣíjúadé, mi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n tí Iléyá bá fi bá àwọn igbá wọ̀nyí nínú yàrá yìí, ilé bàbá mi ni màá ti jẹ ẹran.”

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ọnàdípẹ̀ ti fẹ́ obìnrin yìí, kò tíì mọ ibi tó ń gbé iyọ̀ sí.

Ó tọ Mùfútáù lọ, ẹni tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìkànnì ayélujára. Mùfútáù ya àwòrán àwọn igbá náà, ó tò wọ́n, wọ́n rẹwà.

“Bàbá, ó ku gbólóhùn kan. Ẹ sọ irú igbá tí ẹ ń tà. Ohun tí ẹ bá sọ ni ẹ̀rọ àwárí máa gbà gbọ́, òun náà ló sì máa sọ fún aráyé.”

Ẹ má gbàgbé pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Ọnàdípẹ̀. Irú wọn ló ń pa odindi àgbò fún àlejò, tí wọ́n á ní, “Kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ kàn fi panu.” Ó wúkọ́.

“Kọ ọ́ pé igbá jákujàku kan ni. Kò sí nǹkan gidi lára wọn. Ìkólẹ̀ ni wọ́n dára fún.”

“Háà, bàbá! Ẹ̀rọ ò mọ ìtẹríba o!”

“Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lójú á mọ̀ pé ọmọlúàbí ló ń sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀rọ ò lójú. Tí èèyàn bá wá igbá ọ̀nà Ọ̀yọ́, ojú ewé kẹsàn-án ni Ọnàdípẹ̀ wà, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀dá kì í dé. Ṣùgbọ́n ẹ wá nǹkan ìkólẹ̀ wò! Òun ló wà lókè pátápátá. Ìgbálẹ̀ gan-an ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni.

Fóònù dún.

“Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ìkólẹ̀?”

Inú Ọnàdípẹ̀ dùn. Ó rò pé ọmọlúàbí ẹlẹgbẹ́ òun ni. “Àwa náà ni, sà. Kò kúkú tó nǹkan.”

“Ṣé ó lè kó ìgbẹ́ adìẹ?”

Olóko adìẹ náà wá, ó mú méjì. Ọba tó gun ẹṣin ló wà lára ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bíríkìlà dé, ó mú mẹ́ta, ó fi po sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó yá, ẹnì kan tí kò fara balẹ̀ kà á rò pé ibi ìdalẹ̀sí ni wọ́n júwe, ó bá da tirẹ̀ sí iwájú ilé Ọnàdípẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ààtàn: ẹnì kan ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń parí rẹ̀.

Mùfútáù bẹ̀ ẹ́. “Bàbá, ẹ jẹ́ ká yí gbólóhùn yẹn padà.”

“Kí n wá máa fẹnu ara mi yin ara mi? Ṣé mo jọ olóṣèlú ni?”

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Iléyá pé, igbá ṣì kún yàrá, Mọrádéyọ̀ sì ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ni mọ́tò kan bá dúró. Màdáámù Jọláadé ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí Ìbàdàn. Igbá ọ̀nà tó máa gbé kọ́ ògiri ló ń wá, ó sì ti tú ayélujára dé ojú ewé kẹsàn-án, bí ẹni ń tú irun ìyá ọkọ. Ó di imú, ó kọjá lára ààtàn, ó bá Mọrádéyọ̀ níbi tó ti ń fi igbá oníkìnnìún kólẹ̀.

“Ìyá, ẹ dúró! Ẹ wo ọ̀nà lára igbá!” Ó gbà á, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀. “Bàbá, irú igbá wo rèé? Ogójì ni mo fẹ́!”

Mọrádéyọ̀ wo ọkọ rẹ̀. Ojú tó fi wò ó ní: ẹ sọ̀rọ̀ o.

Ọnàdípẹ̀ lanu. Ó fẹ́ sọ pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún lòun fi fín kìnnìún yẹn, pé bàbá bàbá òun ló kọ́ bàbá òun níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ti ṣáájú ọ̀rọ̀ dé ẹnu rẹ̀. Ó tẹrí ba.

“Háà, mà, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìkólẹ̀ lásán ni.”

Màdáámù wo fóònù rẹ̀. Ó wo igbá. Ó wo ààtàn.

“Ohun tí ayélujára wí náà nìyẹn. Ìyá gan-an ń fi kólẹ̀. Ta wá ni èmi tí màá bá onígbá jiyàn?” Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa, ẹ kó ogójì náà wá. Yàrá ogójì ló wà ní òtẹ́ẹ̀lì mi. Kí kálukú ní ìkólẹ̀ tirẹ̀.”

Bí yàrá ṣe ṣófo nìyẹn. Mọrádéyọ̀ jẹ ẹran Iléyá nílé ọkọ. Ní Ìbàdàn, wọ́n ń fi kìnnìún kó eruku. Àwọn àgbà àdúgbò, tí wọ́n wá bá Ọnàdípẹ̀ ṣọdún, mi orí, wọ́n gbé ẹran mì kí ọ̀rọ̀ náà lè já gaara, wọ́n ní: bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é.