Àna Tó Jókòó Lé Ojú Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Bí wọ́n bá ń kẹ́ ọ jù lórí àga, wo abẹ́ ìdí rẹ"? Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí. Wọ́n ń pa á fún ọmọbìnrin tí ọkùnrin tuntun ń ra nǹkan fún. Wọ́n ń pa á fún ẹni tí àwọn olóṣèlú ń pàtẹ́wọ́ fún. Àwọn ará Òkè-Odò ní àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ilé Aláró, ilé tiwa yìí, ni òwe náà ti jáde, ìdí ènìyàn gidi ló sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tó ń jẹ́ Ọlábọ̀dé. Tíṣà ni, ṣùgbọ́n àwòrán yíyà ni iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù fà lásán o. Omi ló fi ń po ọ̀dà, á fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e lé orí pépà díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹni tó yà fi dà bíi pé ó fẹ́ kí ènìyàn. Ìbídùnní, ọmọ Bàbá Látúnjí, ni ó fẹ́ fi ṣaya. Ìbídùnní gbà. Bàbá Látúnjí nìkan ni kò gbà.

Bàbá Látúnjí ló ni ìsọ̀ pákó tó tóbi jù nílùú nígbà náà. Ènìyàn ńlá ni, lówó àti lára. Bó bá jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó wà ní ìkángun kejì á gbéra sókè díẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ọlábọ̀dé lọ fi ara rẹ̀ hàn án, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Kí lò ń ṣe tó o bá ti kúrò nílé ìwé?"

"Mo ń ya àwòrán, sà."

"Mo ní iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Àwòrán náà ni, sà."

Bàbá Látúnjí mí kanlẹ̀. "Gbọ́, ọmọ yìí. Mo gbà pé ènìyàn lè fi igi ṣiṣẹ́. Ó lè fi irin ṣiṣẹ́. Omi àti pépà kọ́ ni n ó fi ọmọ mi lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má baà ní ìkà ni mí, lọ ya èmi gan-an. N ó wá wò ó lọ́sàn-án Sátidé. Bí mo bá rí ojú mi bó ṣe yẹ kí ojú ènìyàn rí, kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má tún gba iwájú ìsọ̀ mi kọjá."

Pépà tó nípọn tó yẹ irú iṣẹ́ yẹn, ìlú òyìnbó ló ti ń wá, apá tíṣà kò sì ká a. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni Ọlábọ̀dé rí rà. Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ya Bàbá Látúnjí. Nígbà tí àwòrán náà ṣì tutù, ẹ ó ní kí ó máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni pépà ń ká. Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé fi máa mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti wú, èkejì ti wọnú. Imú ti yà sọ́wọ́ òsì. Ẹnu wá hunjọ bí ẹnu ẹni tó mu ọsàn wẹ́wẹ́.

Ìyá rẹ̀, Ìyá Aláró, òun ni ìyá tó bí bàbá mi. Adìrẹ ló ń ṣe, apá rẹ̀ méjèèjì kì í kúrò nínú aró. Ó wọlé, ó rí àwòrán, ó dúró.

"Ta ló gbá Bàbá Látúnjí létí?"

"Ìyá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Pépà ló ká. Bó bá rí i báyìí, ó ti parí."

"Kí ló dé tó ò tètè sọ? Bí aṣọ bá hunjọ, ṣebí à ń lù ú ni." Ó ti ń wá kùmọ̀ tó fi ń lu aṣọ kiri kí Ọlábọ̀dé tó di apá rẹ̀ mú.

Ọlábọ̀dé mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á da ojú àwòrán dé orí aṣọ funfun lórí pákó tó tẹ́, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i lẹ́yìn kó lè rọ̀, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á wá gbé ohun tó wúwo lé e títí yóò fi gbẹ. Bí wọ́n bá gbé ẹrù náà kúrò kó tó gbẹ, yóò ká ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tẹ́ pákó sórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ tó wà ní pálọ̀, torí ilẹ̀ ilé kò tẹ́, ó sì da ojú àwòrán dé orí aṣọ funfun lórí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi wọ́n omi sí i, omi díẹ̀, bí ìrì." Ó wá jáde lọ wá ẹrù.

Ẹ fi omi díẹ̀ lé aláró lọ́wọ́! Kó tó padà dé, Ìyá Aláró ti wọ́n omi sí pépà bí ẹni tó fẹ́ rẹ aṣọ.

Ọlọ ni Ọlábọ̀dé gbé dé. Àárín nìkan ló tẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n fi odó rọ́pò rẹ̀, odó ń yí. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ohun tó kàn ni wọ́n ti gbọ́ ohùn ńlá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ilé o! Àwọn onílé ńkọ́?"

Bàbá Látúnjí ni. Ọ̀sán kò tíì pọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mọ ìwà ilé kì í dé lásìkò tó dá. Ìyá Aláró gbé odó sílẹ̀, ó fa adìrẹ tuntun kan yọ, ó ká a sí méjì, ó tẹ́ ẹ bo pákó náà. Bàbá Látúnjí wọlé, ó wo pálọ̀ yíká. Ó rí bẹ́ǹṣì tí wọ́n fi adìrẹ tó rẹwà bò láàárín. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n ti ń retí òun. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó jókòó. Bẹ́ǹṣì kérora.

Ọlábọ̀dé la ẹnu. Ìyá rẹ̀ já a ní èékánná.

"Ìyá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó jókòó lé e!"

"Mo rí i. Òkúta wo lo tún ń wá?"

"Ìbídùnní máa pa mí."

"Wọ inú lọ gbé obì wá."

Bàbá Látúnjí nu ojú. "Ó dáa. Àwòrán dà?"

"Ó kù díẹ̀ kó gbẹ, sà."

"Níbo ló wà?"

"Ibi tó dára jù nínú ilé yìí ló wà, àna mi," ni Ìyá Aláró dáhùn.

"Ẹ má tíì pè mí lánà o. Ẹ jẹ́ kí n lọ, n ó padà wá nígbà tó bá gbẹ."

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún láti dìde. Ìyá Aláró ti gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ tútù síwájú rẹ̀.

"N kì í jẹun nílé ẹni tí n kò tíì fọmọ fún."

"Èyí kì í ṣe oúnjẹ, Bàbá. Ẹ fi pa ẹnu ni."

Bàbá Látúnjí fi pa ẹnu títí àwo fi mọ́. Ó mu omi, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún lẹ́ẹ̀kan sí i. Oúnjẹ kò sí mọ́ nínú ilé. Ni Ìyá Aláró bá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í:

"Látúnjí, ọmọ agbégi-má-gbọ̀n,
ọmọ igi wó lulẹ̀ ó di ọjà,
ọmọ ajókòó-bí-òkè,
òkè kì í dìde fún oòrùn!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ń kì kì í dìde. Bó bá dìde láàárín oríkì, àwọn bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ nílẹ̀. Orí rẹ̀ á máa wú, ìdí rẹ̀ á sì máa wúwo sí i. Bàbá Látúnjí di ojú, ó ń mi orí. Ìyá Aláró ki bàbá rẹ̀, ó ki bàbá bàbá rẹ̀, ó yà sí ilé ìyá rẹ̀. Nígbà tí èyí tó mọ̀ tán, ó ki ìsọ̀ pákó. Ó ki ayùn. Nígbà tó dórí bàtà, Ọlábọ̀dé wọ inú yàrá lọ rẹ́rìn-ín.

Oòrùn ti yí kúrò lójú fèrèsé kí Ọlábọ̀dé tó fọgbọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa èérún obì nílẹ̀. Ó fi ìka kan etí pépà lábẹ́ aṣọ. Ó ti gbẹ, ó sì tẹ́. Ó ṣẹ́jú sí ìyá rẹ̀. Ìyá Aláró gé oríkì sí méjì, ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ẹ má jẹ́ ká dá yín dúró mọ́."

Bàbá Látúnjí kò mira.

"Ìyá Aláró," ó ní, "ó dà bíi pé ẹ ò tíì kan bàbá ìyá mi."

"Mo kì í, Bàbá."

"Ẹ kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Omi tí Ìyá Aláró wọ́n láwọ̀njù, pépà kọ̀ ọ́, ó gba inú adìrẹ gòkè, ó sì ti wọ ṣòkòtò àlejò. Bàbá Látúnjí ṣàdédé rí i pé abẹ́ òun tutù. Ẹni iyì ni, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lọ. Ó ṣírò omi tó mu, ó ṣírò bó ti pẹ́ tó níjókòó, ó gbà pé òun ti tọ̀ sára nílé ẹni tó fẹ́ gba ọmọ òun. Ṣòkòtò rẹ̀ funfun gbòò. Ẹnu ọ̀nà wá jìnnà bí ìlú mìíràn.

Ọlábọ̀dé kò mọ èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ooru ara Bàbá bá pẹ́ sí i lórí àwòrán, ọ̀dà yóò lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun tó wà lábẹ́, ojú Bàbá yóò sì ṣí kúrò lára pépà.

"Sà, òjò fẹ́ rọ̀ o."

"Jẹ́ kó rọ̀. Àgbẹ̀ ń wá a."

"Bàbá, ó dà bíi pé mo rí èéfín lápá ìsọ̀ yín."

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀," ni Bàbá Látúnjí wí. Òógùn bo ojú rẹ̀. "Ìyá Aláró, ẹ ní kí ọmọ yìí jáde ná."

Ọlábọ̀dé jáde. Bàbá Látúnjí fa Ìyá Aláró súnmọ́ra. Omi ti lé sójú rẹ̀.

"Ẹ bò mí láṣìírí. Ogbó ti dé sí mi lára, n kò mọ ìgbà tó jáde. Ẹ fún mi ní aṣọ kan kí n ró, ẹ má sì jẹ́ kí Ìbídùnní gbọ́ ọ láéláé. Bí ẹ bá lè bò mí, ẹ máa mú ọmọ náà. N kò béèrè àwòrán mọ́."

Ẹ wò ó! Ìyàwó ti bọ́ sí Ìyá Aláró lọ́wọ́. Kò ku ohun tó máa ṣe ju kó nawọ́ mú aṣọ, kó sì dákẹ́. Ó nawọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkùnrin náà, bó ti kéré lójijì nínú agbádá ńlá yẹn, ó sì sọ aṣọ náà sílẹ̀. Kò tíì sí ìyàwó kan ní Ilé Aláró tí a fi ẹ̀tàn mú wọlé.

"Bàbá Ìbídùnní, ẹ dìde. Ẹ ò tọ̀. Omi àwòrán ni. Orí àwòrán yín lẹ jókòó lé láti ìgbà tí ẹ ti dé."

Bàbá Látúnjí dìde díẹ̀díẹ̀. Ó yí ọrùn wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Adìrẹ tuntun ti yọ àwọ̀ sí i, ìdí ṣòkòtò funfun ti di aró gbòòrò. Ó fi ìka kàn án, ó gbé e símú.

"Aró ni!"

"Aró ni, Bàbá."

"Aró ni o! Ìtọ̀ ta ló dúdú tó báyìí?" Ó jó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jó padà. Àárín ijó yẹn ni ọ̀rọ̀ tó kù tó wọ̀ ọ́ létí. Ó dúró. "Ẹ ní mo jókòó lé kí ni?"

Ọlábọ̀dé ti sáré wọlé. Ó ká adìrẹ kúrò, ó gbé pépà sókè. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé tí wọ́n fi pamọ́ sínú Bíbélì. Imú wà láyè rẹ̀, ẹnu ti tọ́, Bàbá Látúnjí sì ń wo Bàbá Látúnjí.

Bàbá ní, "Kí ló dé tí ẹ fi gbé e sábẹ́ mi?"

Ọlábọ̀dé kò fi nǹkan pamọ́. Ó sọ fún un pé pépà òun fẹ́lẹ́, pé bó bá ti mu omi ni yóò fẹ́ ká, àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

"Pákó tútù nìyẹn!" ni Bàbá Látúnjí ké. "Bí a kò bá gbé ẹrù lé e kó tó gbẹ, á lọ́ bí ejò. Ohun tí mò ń bá jà láti ìgbà èwe mi nìyẹn. Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tó ò sọ fún mi? Mo rò pé omi lo fi ń ṣeré ni. Èyí mà niṣẹ́!" Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo ìdí ara rẹ̀. "Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ta pákó, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti gbé oní-pákó fúnra rẹ̀ lé e."

Ó fún un lọ́mọ. Ó tún fi pákó dídán ránṣẹ́ sí i láti ìsọ̀. Láti ìgbà náà, kí Ọlábọ̀dé tó fi omi kan pépà, á kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ láfún tí ìyá rẹ̀ fi ń kọ adìrẹ lẹ etí rẹ̀ yíká mọ́ pákó. Ìwé tí a ti dè mọ́lẹ̀ kó tó mu omi kì í ká. Kò gba owó, kò sì gba ìdí àna ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ìdána, gbogbo ẹbí péjọ. Wọ́n gbé àga tó tóbi jù nílé wa fún Bàbá Látúnjí, tìmùtìmù pupa ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé kúnlẹ̀. Ọ̀kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, èkejì ń na agbádá rẹ̀, Ìyá Aláró sì la ẹnu, ó fẹ́ kì í. Bàbá Látúnjí gbé ọwọ́ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé tìmùtìmù, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án bóyá ó tutù. Ó yọjú wo abẹ́ àga náà.

"Bàbá," ni obìnrin tó ń darí ètò bi í, "kí lẹ ń wá?"

Bàbá Látúnjí gbé tìmùtìmù padà, ó jókòó, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe.

"Ọmọ mi," ó ní, "bí wọ́n bá ń kẹ́ ọ jù lórí àga, wo abẹ́ ìdí rẹ."