Káìtì Ọnọ́rébù ní Ìdí-Àgbọn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà etíkun fi ń pa á lówe pé, "Kí á tó so okùn mọ́ afẹ́fẹ́, ká ti mọ bí a ó ṣe tú u"? Ẹ jókòó. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí nǹkan rẹ̀ ṣègbé ni.

Ní abúlé Ìdí-Àgbọn, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí kì í jò. Múléró apẹja ló ni ín. Bẹntiróòlù ti wọ́n ju ẹja tí èèyàn ń lọ pa lọ, àwọn ọkọ̀ yòókù sì ti jẹrà mọ́ iyanrìn. Ọdún mẹ́ta ni abúlé fi kọ̀wé sí alága káńsù. Nígbà tí alága náà, Ọnọ́rébù, máa dáhùn, káìtì ló gbé wá: aṣọ gbàgìdì bí òrùlé ilé, tó ní okùn mẹ́rin, tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ yóò máa fi fa ọkọ̀ láìsí epo. Ó mú ayàwòrán dání.

"Ọkọ̀ ta la ó fi ṣe é?" ni akọ̀wé rẹ̀ béèrè.

Gbogbo ojú yí sí Múléró. Ọkọ̀ yẹn ni oúnjẹ ilé rẹ̀.

"Ọnọ́rébù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò láì so ó mọ́ nǹkan kan."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ ìlọsíwájú ni?"

Fèyíṣarà, ìyàwó Múléró, ti ń wo ìwé pélébé tó bá káìtì wá. Kò gbọ́ èdè inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kò nílò ògbufọ̀.

"Wọ́n ní ká kó iyanrìn lé etí aṣọ náà kó má bàa ṣàdédé gbéra. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà níwájú rẹ̀. Ẹ wá kó àga yìí kúrò."

"Àga àwọn èèyàn pàtàkì nìyẹn," ni akọ̀wé fèsì. Fèyíṣarà fọwọ́ ara rẹ̀ kó iyanrìn lé etí aṣọ, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, okùn pupa yìí ńkọ́? Àwòrán ní bí a bá fà á, gbogbo rẹ̀ á tú."

Múléró fura sí okùn pupa náà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ju àwọ̀n. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ohun tó bá lè tú lórí omi, kó dì í pa.

"Okùn tó ń tú, ṣé okùn nìyẹn, Ìyá Ìbídùn?"

Ó ta á ní kókó apẹja, èyí tó jẹ́ pé bí a bá ṣe ń fà á ni yóò máa le sí i. Ó wá so káìtì mọ́ imú ọkọ̀.

Ọnọ́rébù wọ ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó na ọwọ́ sókè fún ayàwòrán. "Ẹ gbá iyanrìn yẹn kúrò lára aṣọ. Ó ń ba fọ́tò jẹ́."

Wọ́n gbá a kúrò. Afẹ́fẹ́ dé láti ẹ̀yìn abúlé.

Káìtì gbéra gbìì! Ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Ó la àárín àwọn èèyàn pàtàkì kọjá, ó gbé kánọ́pì, ó gbé àga mẹ́ta, ó gba ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Múléró rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, ó ń fi àyà wọ́lẹ̀.

"Ẹ gé e o!" ni Ọnọ́rébù ń ké.

Fèyíṣarà fa àdá yọ. Akọ̀wé dí i lọ́nà. "Ohun ìní ìjọba ni! Kò sẹ́ni tó lè gé e láìsí ìwé àṣẹ."

"Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ?"

"Ọ̀gá mi."

"Ọ̀gá yín dà?"

Akọ̀wé na ìka sí ọkọ̀ tó ń sá lọ.

Múléró gun inú ọkọ̀, ó fa okùn pupa. Kókó rẹ̀ le sí i. Wọ́n wọ òkun. Òpó kọnkéré mẹ́rin ló dúró níbẹ̀, gbogbo ohun tí káńsù kọ́ nínú èbúté tí wọ́n ṣèlérí, kí kọngílá tó sá lọ. Ọkọ̀ kọlu ọ̀kan nínú wọn, ó là sí méjì. Káìtì fa imú ọkọ̀ lọ sójú agbami. Múléró lúwẹ̀ẹ́ padà. Ọnọ́rébù há sórí òpó kejì bí ológbò orí àjà.

"Ẹ gbé ọkọ̀ wá!"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Múléró jókòó sórí iyanrìn, ó tẹjú mọ́ ibi tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ gbà lọ.

"Ọkọ̀ wo, Ọnọ́rébù?"

"Ta ló ta kókó burúkú yẹn?"

"Èmi ni. Ta ló ní kí wọ́n gbá iyanrìn?"

Òkun kò ní fà sẹ́yìn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, Múléró dìde, ó ké sí i kí ìgbì má bàa gbé ohùn rẹ̀ mì: "Ẹ jókòó dáadáa, Ọnọ́rébù! Kí á tó so okùn mọ́ afẹ́fẹ́, ká ti mọ bí a ó ṣe tú u!"