Ìgbà tí Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi Lábẹ́ Omi

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe mi, mi ò sì rò pé yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi sin. Èmi fúnra mi kì í sọ ọ́. Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, ló máa ń sọ ọ́ fún àlejò, èmi a sì máa wo ilẹ̀. Òjò èṣí ni Àwẹ̀ró lọ. Àwọn ọmọ wá, wọ́n sin ín bó ṣe yẹ, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ilé dákẹ́. Mo wá rí i pé bí mi ò bá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún sọ ọ́ mọ́.

Nígbà náà, àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà rélùwéè gba Ọ̀fà kọjá, wọ́n sì ń kọ́ afárá sórí odò Ọ̀yún. Kí afárá tó dúró, ọkọ̀ ojú omi onírin kan ni wọ́n fi ń kó igi àti irin lọ sí òdìkejì. Bàbá Àwẹ̀ró ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Ará etí Odò Ọya ni, inú ọkọ̀ ni wọ́n bí i sí, inú ọkọ̀ náà ló sì ń gbé, nítorí yàrá onírin kan wà ní ìdí rẹ̀. Èmi ni tíṣà ní ilé ìwé kékeré tí ìjọ dá sílẹ̀. Àwa ọmọ Ọ̀fà mọ oko, a mọ òwò, a mọ aṣọ híhun. Ní ti odò, ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé a máa ń kọjá lórí rẹ̀ lọ sílé.

Gbogbo ètò ìgbéyàwó wa ti parí tán, ó ku ọjọ́, ni odò Ọ̀yún bá kún lóru, ó já ọkọ̀ náà gbà, ó sì rì í. Ẹ̀mí kankan kò lọ. Ṣùgbọ́n àwo idẹ ńlá kan wà nínú yàrá ìdí ọkọ̀ náà, tó jẹ́ ti ìyá Bàbá Àwẹ̀ró. Àwo yẹn ni wọ́n fi ń wẹ ẹsẹ̀ gbogbo ọmọbìnrin ilé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Kò sí èyí tó wọlé ọkọ rí láìfi ẹsẹ̀ kàn án.

“Tíṣà,” ni Bàbá wí, “mi ò gba ọmọ mi padà lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwo bá jáde ni ìyàwó yóò jáde.”

“Ìgbà wo lẹ rò pé yóò jáde, Bàbá?”

“Bí omi bá fà. Ó lè di ẹ̀ẹ̀rùn.”

Ẹ̀ẹ̀rùn! Òjò ṣì ń rọ̀ lórí wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ ìyàwó a máa ṣe iṣẹ́ fún àna. Àwọn ẹgbẹ́ mi ro oko, wọ́n bo ilé. Àna tèmi kò ní oko, kò ní ilé, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ní ló wà nísàlẹ̀ odò. Mo ní kí ó jẹ́ kí àwo náà jẹ́ iṣẹ́ àna tèmi.

“O mọ omi?”

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, Bàbá.”

Ìṣàn kan wà lẹ́yìn ilé wa tí mo ti ń wẹ̀ láti kékeré. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ dé ìdodo mi.

Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà nígbà tí a ń sọ gbogbo èyí, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì ń kí i. Ẹni tó bá ń kí àna kì í dìde títí wọn ó fi ní kó dìde. Ọ̀rọ̀ omi tí mo dá sílẹ̀ wọ Bàbá lára, ó gbàgbé pé mo wà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní òfin. Ìkíní, okùn: ẹni tó bá wọ inú ọkọ̀ tó rì gbọ́dọ̀ so okùn mọ́ ìta, kó di í mú lọ́wọ́, nítorí okùn ni ọ̀nà ilé. Ìkejì, èémí: ìdajì ni kí n fi wọlé, kí n fi ìdajì jáde. Ibẹ̀ ni ìjàlọ àkọ́kọ́ ti dé ikùn mi. Ìkẹta, n kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ inú ọkọ̀. “Ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀ ń sùn. Bí o bá jí i, ojú rẹ fọ́ nìyẹn.” Ìjàlọ ti wọ inú bùbá mi báyìí, wọ́n sì ti pe àwọn ará ilé wọn. Ní ti òfin kẹrin, ẹnu Bàbá ni mo rí tó ń mì. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

“Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́ o, Bàbá.”

Òfin kẹrin náà ni pé òun ń lọ sí Ìjàgbó lọ́jọ́ kejì láti wá okùn tó nípọn, kí n má sì ṣe wọ inú omi títí òun ó fi dé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Lámídì ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ ahunṣọ, gba etí odò lọ. Lámídì ti sọ fún ìyá rẹ̀ níkọ̀kọ̀, nítorí náà a bá ìdajì àdúgbò níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ti fi imú sọlẹ̀. Díẹ̀ nínú òrùlé irin tó bo ìdí rẹ̀ ṣì yọ lókè omi, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá wà nísàlẹ̀.

“Tíṣà, ṣé a ò ní dúró de bàbá ìyàwó?”

“Dídúró ni yóò sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀rùn.”

“Ó dáa. Apá ibo lára rẹ ni kí n so okùn mọ́?”

Mo rò pé n ó nílò ọwọ́ mi méjèèjì láti gbé àwo. Mo ní kó so ó mọ́ ṣòkòtò mi.

“Mọ́ ṣòkòtò?”

“Mọ́ ìdí rẹ̀ níbi tí mo ti so ó. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fà mí jáde.”

“Bí ẹja bá fà á ńkọ́?”

“Lámídì!”

“Mo kàn bèèrè ni.”

Bí mo ṣe fẹ́ wọ omi, mo rí Àwẹ̀ró tó ń sáré bọ̀ lókè, tó ń ju ọwọ́, tó ń pariwo. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ń yìn mí. Èmi náà juwọ́ sí i, mo sì mòòkùn. Àṣé òfin kẹrin ló ń ké sí mi.

Mo rí ẹnu ọ̀nà náà, mo wọlé, mo sì ṣe bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe tó bá wọ yàrá: mo dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹrẹ̀ jí. Ó dìde bí èéfín, ohun gbogbo sì dúdú kan náà. Mo yí padà sí ẹnu ọ̀nà, ògiri ni mo bá. Mo yí sí òdìkejì, ògiri náà ni. Ibi tí mo ti ń jà káàkiri, mo fa okùn. N kò mọ iye ìgbà tí mo fà á. Lámídì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí di okùn náà mú, wọ́n sì fi gbogbo agbára fà á. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo gbọ́ tí nǹkan já nídìí mi, ṣòkòtò sì jáde lọ sílé láìdúró dè mí.

Mo ń gun ògiri irin yẹn bí alángbá nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan ohun líle kan tó rí roboto. Mo dúró lé e. Imú mi bá afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sábẹ́ òrùlé. Bí mo bá gbé àgbọ̀n sókè, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan irin, mo lè mí. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ mi.

“Yéè! Ṣòkòtò rẹ̀ nìyí o!” Ohùn Lámídì nìyẹn. “Ta ni yóò máa bá mi bá akọ̀wé òyìnbó sọ̀rọ̀?”

“Ṣòkòtò yìí ṣì dára o,” ni obìnrin kan wí. “Kò tíì gbó rárá.”

Mo fi ìkúùkù lu òrùlé. Mo tún un lù. Ẹnìkan ké pé, “Òkú ń kanlẹ̀kùn!” ni ìró ẹsẹ̀ bá gba etí odò kan, ó ń lọ, ó ń lọ, títí n kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi omi.

Èmi tí mo máa ń ní pé ariwo àwọn ènìyàn ń dí mi lọ́wọ́, n kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò nígbà náà pé bí mo bá jáde, n kò ní dá wà tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà.

Lẹ́yìn náà, ìró kan dún lókè orí mi: kó. Mo lu irin náà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún dún: kó. Àwẹ̀ró ni. Òun nìkan ni kò sá. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé ibi òrùlé náà, ó mú òkúta dání, ó sì ń dá mi lóhùn títí bàbá rẹ̀ fi dé láti Ìjàgbó, tó pàdé àwọn tó ń sá lọ́nà.

Bàbá so okùn mọ́ igi létí odò, ó gbé ìdí rẹ̀ fún Àwẹ̀ró láti máa ṣọ́, ó sì di ìyókù mú wọlé. Mo kàn gbọ́ ni tí omi bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ohùn àgbà sì pè mí nínú òkùnkùn: “Tíṣà!”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ara mi. Etí mi gbọ́ ohùn àna, ara mi kò bi mí léèrè. Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá,” mo sì dọ̀bálẹ̀.

Orí mi gbá Bàbá láyà. Ó mu omi, èmi náà mu. Ẹsẹ̀ mi tó ta sẹ́yìn tún jí ẹrẹ̀ tó ti ń tòògbé. Okùn bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Nígbà tí a rí afẹ́fẹ́ padà, a wúkọ́ títí.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mò ń kí yín ni, Bàbá.”

“Nínú omi?”

“Ẹ má bínú, Bàbá.” Mo fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀ láti tọrọ àforíjì, ó gbá mi lọ́rùn mú.

“Bí o bá tún dọ̀bálẹ̀, n ó fi ọ́ sílẹ̀ níbí. Dúró jẹ́ẹ́. Má mira. Ẹrẹ̀ yóò padà sùn, n ó wá okùn mi.”

Báyìí ni àna àti ọkọ ọmọ ṣe dúró, imú sí imú, lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ náà ti ń gbóná.

“Kí ló dé tí o kò dúró dè mí?”

“Ìjàlọ ló ń jẹ mí, Bàbá.”

“Níbí?”

“Lánàá, Bàbá. Nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan itan mi. “Ṣé o wọ ṣòkòtò?”

“Rárá, Bàbá.”

“A dúpẹ́ pé ibí ṣókùnkùn.” Ó na ọrùn sókè. “Èmi ga jù ọ́ lọ, omi sì dé àgbọ̀n mi. Kí lo dúró lé?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá. Ó rí roboto.”

Ó rì sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀ lára ẹsẹ̀ mi, tó ń rìn yí ohun náà ká. Ó padà sókè, ó mí kanlẹ̀. “Àwo ìyá mi ni.”

Ohun tó wà lọ́kàn mi láti àárọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. “Bàbá, ṣé ẹ ó ṣì fún mi ní Àwẹ̀ró?”

“Jẹ́ ká kọ́kọ́ jáde ná.”

Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n bí ewé gbígbẹ yọ níbi tí ẹnu ọ̀nà wà. Bàbá fọwọ́ wá ara ògiri, ó sì rí okùn rẹ̀. Ó le dáadáa, nítorí Àwẹ̀ró di í mú níta, kò sì fà á. Bàbá ní kí n fi ọwọ́ kan di okùn mú, kí n fi ọwọ́ kejì gbé àwo, kí n sì pa ẹnu mi dé, bí mo tilẹ̀ rí ìyá mi lọ́nà.

A jáde. Oòrùn ń ràn. Ìdajì àdúgbò tó sá ti padà wá, wọ́n sì ti mú ìdajì kejì dání. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi bo ara mi. Iwájú mi ni ìlú wà, ẹ̀yìn mi ni àna wà. Mo ronú díẹ̀, mo fi àwo bo iwájú.

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi jókòó sínú omi. Lámídì na ṣòkòtò náà sí mi láti òkèèrè, ó ṣì ń wò ó bóyá òkú ni mí. Mo yíjú wo Bàbá, nítorí ẹnu rẹ̀ ni ayé mi wà. Ó wò mí, ó wo àwo ìyá rẹ̀ àti ibi tó wà.

“Ẹ fún ọkùnrin yìí ní ìyàwó rẹ̀ kíákíá,” ló wí. “Bí a bá fi dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, mi ò mọ ohun tí yóò tún fi àwo náà ṣe.”

Àwọn ìyá ìyàwó fọ àwo náà, wọ́n tún un fọ̀, wọ́n fi ọṣẹ àti iyanrìn ha á kí wọ́n tó gbà kí ẹsẹ̀ ìyàwó kàn án.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìdí láti wọ inú ọkọ̀ tó rì, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má dá lọ. Ẹ so okùn mọ́ ìta, ọwọ́ ni kí ẹ fi di í mú, ẹ má so ó mọ́ aṣọ. Ẹ fi èémí sílẹ̀ fún àbọ̀. Ẹ má jí ẹrẹ̀, bí ó bá sì jí, ẹ dúró títí yóò fi sùn. Ẹ dìde nílẹ̀ kí ẹ tó gba ìkìlọ̀ àgbà, kí ẹ lè gbọ́ ọ dópin. Bí àna yín bá sì bá yín níbẹ̀, ẹnu nìkan ni kí ẹ fi kí i.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ibi tí mo ti ń sọ fún Bàbá pé ìjàlọ ló ń jẹ mí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi. Ó dún ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà yàrá, bí ẹni pé ẹnìkan yóò yọjú láti bèèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó yọjú. Mo tún un rín díẹ̀ sí i, jẹ́jẹ́, mo sì bomi mu.